Ìmàle: ṣé “ìmọ̀ líle” ni, àbí Mali?

Ìbéèrè: Obìnrin olùkà kan láti Ṣakí kọ̀wé pé: “Níbi ìsọmọlórúkọ kan nílé wa, ààfáà tó ṣe wáàsí sọ pé ohun tí Ìmàle túmọ̀ sí ni ‘ìmọ̀ líle’, torí àwọn baba wa rí i pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn náà le. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì dá a lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé orúkọ Mali ló di Ìmàle. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ta ló jàre? Báwo lẹ̀yin onímọ̀ èdè tilẹ̀ ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sí níbẹ̀? Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò, ṣé kí n yé pe ara mi ní Ìmàle?”

Ìdáhùn: Àbúrò yín ló jàre, àmọ́ kò yẹ kó já ààfáà nírọ́ láàárín agbo. Ààfáà kò parọ́. Ohun tó bá lẹ́nu àwọn olùkọ́ rẹ̀ ló sọ, “ìmọ̀ líle” sì ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn débi pé àwọn òǹkọ̀wé ìtàn pàápàá ń tún un sọ. Ìdí tí mo fi gbè sẹ́yìn Mali ni màá là yé yín, torí inú rẹ̀ náà ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú ààfáà ná. Bó bá jẹ́ “ìmọ̀ líle” ló di Ìmàle, a gbọ́dọ̀ lè tọ ipa rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí Yorùbá ṣe máa ń ké ọ̀rọ̀ kúrú. Kíké ọ̀rọ̀ kúrú kì í ṣe ohun tí kálukú ń ṣe bó ṣe wù ú, ó ní òfin. Bí fáwẹ̀lì méjì bá fojú kojú, ọ̀kan a jẹ èkejì: wá àti ilé di wálé, ra àti ẹran di rẹran. Nínú “ìmọ̀ líle”, fáwẹ̀lì wo ló kojú èwo? Kò sí. L ló wà láàárín, kò sì sí ohun tó ń lé e kúrò níbẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀ tó wà nínú ìmọ̀. Nínú ìmọ̀ràn, ìmọ̀tẹ́lẹ̀, onímọ̀ àti àìmọ̀kan, ọ̀ yẹn dúró gbọn-in. Ta ló wá sọ ọ́ di à nínú Ìmàle nìkan?

Àmọ́ ohùn ló pa ẹjọ́ náà. Ẹ pe “ìmọ̀ líle” sókè kẹ́ ẹ fetí sí i: ohùn òkè kan wà lórí lí. Ìmàle, bí a ṣe ń kọ ọ́ tí a sì ń pè é, kò ní ohùn òkè kankan. Ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, àárín ni: dò dò re. Ohùn òkè kì í sì í dédé pòórá nínú Yorùbá. Bí kọ́ńsónáǹtì bá ré, bí fáwẹ̀lì tilẹ̀ bá a lọ, ohùn a máa ṣẹ́kù, a sì fara mọ́ ohun tó bá wà nítòsí. Òtítọ́ di òótọ́: t ti lọ, ohùn òkè rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Egúngún di eégún. Orúkọ di oókọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ohùn ìsàlẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: òrìṣà di òòṣà, ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn rì nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé r ti sá lọ. Nítorí náà, bí a bá ké “ìmọ̀ líle” kúrú, nǹkan bí “ìmọ̀ọ́le” ló yẹ ká bá lẹ́nu àwọn ènìyàn, pẹ̀lú ohùn òkè níbi tí lí ti kúrò. Bí mo bá ní kí n yan ẹ̀rí kan ṣoṣo, èyí ni màá yàn. Ẹni tó bá fẹ́ràn “ìmọ̀ líle”, kó sọ ibi tí ohùn òkè wọlé sí fún wa.

Ọ̀nà tí a ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà tún wà. A máa ń sọ pé “Ìmàle ni bàbá rẹ̀”, bí a ṣe ń sọ pé “Tápà ni”, “Ìbàrìbá ni”, “Ẹ̀gbá ni”. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ kan ni Ìmàle, “onímọ̀” báyìí-báyìí la ò bá máa pe ẹni tó ní in. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé “ìmọ̀ ni bàbá rẹ̀”. Orúkọ àwọn ènìyàn kan ni Ìmàle ń hùwà bí i, kò hùwà bí orúkọ ẹ̀kọ́.

Ẹ lè wá bi mí pé ṣé ìtumọ̀ tí a bá fi pínpín ọ̀rọ̀ rí kì í jóòótọ́ ni? Ó máa ń jóòótọ́ dáadáa. Ẹ mú ọmọlúàbí. Wọ́n ní “ọmọ tí olú ìwà bí” ni. Ẹ tọ ipa rẹ̀: ọmọ àti olú di ọmọlú, ohùn òkè lú wà níbẹ̀; ìwà tẹ̀ lé e, ó di ọmọlúwàbí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè bẹ́ẹ̀ títí dòní; w ré, ó di ọmọlúàbí. Kò sí ohùn kan tó sọnù láìnídìí, ibùdókọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà náà ṣì wà ní gbangba. Àmọ́ àwọn kan ní “ọmọ tí Núà bí” ni, pé Ànọ́bì Núà tó kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń sọ. Ìtumọ̀ náà dùn, ó sì wúlò nínú wáàsí, ṣùgbọ́n níbo ni l ti wọ̀ ọ́? Ta sì ni yóò fi Núà túmọ̀ ọmọlúwàbí fún wa? Ìtumọ̀ méjèèjì dùn lẹ́nu bákan náà. Èyí tó gba òfin kọjá la ń gbà.

Ohun tó ń tàn wá ni pé Yorùbá fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ ní ìtàn. Orúkọ ọmọ ní ìdí, ìlú ní ìdí, oríkì ní ìdí, a wá rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ kó tú palẹ̀ bí a bá ti gé e sí wẹ́wẹ́. Ààfáà, babaláwo àti pásítọ̀ jọ mọ iṣẹ́ yìí dunjú, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gbá ọ̀rọ̀ láti kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. N kò ní kí wọ́n má ṣe é. Mo kàn ní kí a má kó o sínú ìwé ìtàn.

Ó wá ku Mali. Ìjọba àtijọ́ tí Sundiata dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1235 ni mò ń sọ, kì í ṣe orílẹ̀-èdè òde òní tó gba òmìnira ní 1960 tó sì sọ ara rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Mansa Musa, ọba wọn, gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà ní 1324 pẹ̀lú wúrà rẹpẹtẹ, òkìkí Mali kàn dé ilẹ̀ Yúróòpù. Máàpù kan tí wọ́n yà ní Majorca ní 1375 pe ọba Mali ní “Musse Melly”. Ìwé Leo Africanus, arìnrìn-àjò kan, tó jáde ní Venice ní 1550, pe ilẹ̀ náà ní “Melli”. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò ló tilẹ̀ wúlò fún wa jù nínú wọn: ó ní láyé ọba Yaji, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, àwọn Wangara ti Mele wá sí Kánò, wọ́n sì gbé ẹ̀sìn Ìsìláàmù dání. Ẹ rí i pé orúkọ ìlú àti orúkọ ẹ̀sìn ti ń rìn pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín tipẹ́tipẹ́, àti pé a àti e ń gba ipò ara wọn nínú orúkọ náà láti ẹnu kan dé èkejì. Oníṣòwò ni àwọn Wangara. Ibi tí obì àti wúrà bá gbé wọn dé ni wọ́n ń gbé ìrun dé.

Ì tó wà níwájú Ìmàle ń kọ́? Yorùbá kì í sábà fẹ́ kí ọ̀rọ̀-orúkọ fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nílé. Bariba di Ìbàrìbá lẹ́nu wa, Benin ti Ẹdó di Ìbíní. Ọ̀nà kan náà ni Ìmàle gbà. Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ yára, Ì náà a tún bọ́ sílẹ̀, bí ó ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ẹ mọ̀ dáadáa: “Ayé la bá ’fá, ayé la bá ’màle, ọ̀sán gangan ni ’gbàgbọ́ wọlé dé.”

Wàyí o, ìwé tó ti pẹ́. Iṣẹ́ wa kò ju èyí lọ nígbà púpọ̀: kí a wá ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ibi tó wà, àti bó ṣe kọ ọ́. Ní 1730, àlùfáà Faransé kan tó ń jẹ́ Labat tẹ ìwé ìrìn àjò ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, des Marchais, jáde. Nínú rẹ̀ ni a ti rí àwọn oníṣòwò kan tó ń ti òkè wá sí Ouidah, létí òkun. Orúkọ wọn nínú ìwé náà ni “Malais”. Ní 1734, William Snelgrave, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrú, kọ̀wé nípa irú àwọn ènìyàn yìí tó bá ní àgọ́ ọba Dàhòmì ní 1727. “Malayes” ló pè wọ́n, ó sì ní wọ́n mọ èdè Lárúbáwá kọ. Títí dòní, malɛnu ni àwọn Fọ̀n, ìyẹn àwọn ará Dàhòmì, ń pe Mùsùlùmí. Nu tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń lò fún ará ibì kan: Danxomɛnu ni ará Dàhòmì. Malɛnu, ará Malɛ.

Ẹnì kan lè jiyàn pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni Fọ̀n ti yá a. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí Ọ̀yọ́ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ yá a, ohun tí wọ́n yá kò ní ọ̀, kò ní lí, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn ará etíkun ṣáájú 1730.

Ẹ ṣọ́ra o, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí nìyí. “Malais” náà ni Faransé ń pe àwọn ará Malay ní Éṣíà. Ẹni tó bá fi ojú lásán wo ìwé Labat lè dìde pé láti Éṣíà ni Ìmàle ti wá. Ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí. J. Olumide Lucas fi gbogbo ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá, tó jáde ní 1948, gbìyànjú láti so wá mọ́ Íjíbítì àtijọ́, ọ̀rọ̀ tó jọra ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà rù. Èdè méjì tí kò mọra rí kò ní ṣàìní ọ̀rọ̀ tó jọra, torí ìró tí ẹnu ènìyàn lè mú jáde kò pọ̀ tó ohun tó fẹ́ sọ. Ohun tí Mali ní tí Malay kò ní ni ojú ọ̀nà: a mọ ẹni tó gbé orúkọ náà rìn, ibi tó gbà kọjá, ohun tó ń tà, àti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó kó dání.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kì í sábà dá wọ̀lú. Bó bá jẹ́ láti apá Mali àti Songhay, ìjọba tó dìde lẹ́yìn rẹ̀, ni ẹ̀sìn náà ti kọ́kọ́ dé, ó yẹ ká rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lára ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó kù. A sì rí i. Ẹ wo àlùfáà, tí ẹ̀yin náà ké kúrú sí ààfáà nínú lẹ́tà yín. Hausa ní malam. Alfa ni wọ́n ń pe onímọ̀ ẹ̀sìn ní Songhay, bí i Alfa Mahmud Kati tí wọ́n mọ̀ ní Timbuktu, ìlú àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Mali. Ẹ wo sàráà. Sadaqa ni Lárúbáwá, sadaka ni Hausa, pẹ̀lú d. R ló wà nínú tiwa. Bambara, èdè àwọn ará Mali gan-an, ní saraka. Sùúrù náà wà nínú Songhay, suuru. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Stefan Reichmuth, kó irú àwọn ọ̀rọ̀ Songhay bẹ́ẹ̀ tó wà nínú Yorùbá jọ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1988, látìgbà náà kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ pé ọwọ́ Hausa nìkan ni a ti gba ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Ẹ fi wọ́n wé àwọn tó gba ọ̀dọ̀ Hausa wá. Mọ́ṣáláṣí, masallaci ni Hausa. Masjid ni Lárúbáwá ń pè é. Àlùbọ́sà, albasa ni Hausa. Baṣal ni Lárúbáwá, pẹ̀lú l ní ìparí. Hausa ló sọ l yẹn nù, àwa náà kò sì ní in. Ọ̀rọ̀ tí kò ní l ní ìparí nínú ìsebẹ̀ yín ti sọ ọ̀nà tó gbà wá fún yín. Ìpele méjì nìyẹn: ti ìwọ̀ oòrùn ló jọ pé ó ṣáájú, ti Hausa tẹ̀ lé e, wọ́n sì da pọ̀ mọ́ra lẹ́nu wa títí tí kò fi sí ẹni tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará Ṣakí kò jìnnà sí ojú ọ̀nà náà rárá. Ilẹ̀ Ìbàrìbá, ní Nikki àti Bussa, ni àwọn Wangara gbà kọjá. Ní Djougou àti Parakou, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, Dendi tó jẹ́ ọmọ ìyá Songhay ṣì ni èdè ọjà láàárín àwọn Mùsùlùmí títí dòní. Timbuktu pàápàá mọ̀ wá: ní 1615, Ahmad Baba, onímọ̀ òfin ibẹ̀, dárúkọ àwọn Yorùbá nínú ìwé kan tó kọ lórí ẹni tí wọ́n lè sọ di ẹrú. Inú àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ló kà wá sí, ìyẹn kò sì yà mí lẹ́nu. Àwọn díẹ̀ tó ń kírun nígbà yẹn, àlejò ni ọ̀pọ̀ wọn. Ìyẹn ni orúkọ àlejò ṣe di orúkọ ẹ̀sìn. Ẹ kíyè sí ọdún náà: ó fi bí igba ọdún dín díẹ̀ ṣáájú jíhàádì Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Ní Ìlọrin pàápàá, àwọn Yorùbá Mùsùlùmí ti wà ní Òkè Súnà pẹ̀lú Ṣọlágbérú, olórí wọn, kí ìjọba tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Àwọn tó ń sọ pé ogun Fúlàní ló gbé Ìmàle wọ ẹnu wa kò ka ìwé ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ọ̀rọ̀ tí àwọn Ìmàle ti gbé wọlé ni wọ́n bá nílẹ̀, wọn kò sì kọ̀ wọ́n. Àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù, àlàáfíà, kèfèrí: ẹ yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, kí ẹ wá wò ó bóyá pásítọ̀ kan á lè parí ìsìn ọjọ́ Àìkú. Mo ti sọ èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, bóyá kí ẹ yé pe ara yín ní Ìmàle. Ọ̀rọ̀ náà kò ní èébú kankan nínú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ ìlú ni. Ó ti rìn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ní Salvador, ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ní òru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun sí ìjọba. Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀, ló pọ̀ jù nínú wọn, Hausa àti Tápà wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n bá tírà àti ìwé Lárúbáwá lọ́rùn àwọn tó kú. Revolta dos Malês ni Brazil ń pe ogun náà dòní, malê yẹn sì ni Ìmàle tiwa, Ì rẹ̀ ti bọ́ sínú òkun.

Àmọ́ Nina Rodrigues, oníṣègùn tó ń wádìí nípa àwọn ará Áfíríkà ní Salvador ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún náà, ròyìn pé àwọn Mùsùlùmí tó bá níbẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní malê. Muçulmi ni wọ́n fẹ́. Ohun kan náà ni ẹ ń bá jà ní Ṣakí: Ìmàle ni orúkọ tí àwọn ará ilé fi pe àlejò, Mùsùlùmí ni orúkọ tí onígbàgbọ́ fi pe ara rẹ̀. Ẹ yan èyí tó bá wù yín. Bó bá jẹ́ torí pé Ìmàle jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò ni ẹ fẹ́ fi jù ú nù, ẹ rántí pé musulmi ti Hausa ni Mùsùlùmí. Èmi, bí mo bá ń kọ nípa ayé Ọ̀yọ́-Ilé, Ìmàle ni mò ń lò, torí òun ni àwọn ènìyàn ìgbà náà mọ̀. Bí mo bá ń kọ̀wé sí aládùúgbò mi, Mùsùlùmí ni, torí òun ló ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀.